Ihò Ara Ògiri

Ilé wa ní Pópó-Ọba, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú,
ihò kan wà lára ògiri yàrá ìyá ìyá mi,
kò ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ.
Ibẹ̀ ni òrìṣà rẹ̀ ń jókòó sí
kí Ẹfúnyẹmí tó di Rákélì.
Wọ́n ní lọ́jọ́ tó gba ìrìbọmi,
ó fi aṣọ wé ère náà bí ẹni ń pọn ọmọ,
ó gbé e wọ ọkọ̀, ó tukọ̀ dé àárín ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́,
ó sì jù ú sómi.
Kò wo ẹ̀yìn.
Wọ́n tún ní ó sunkún. Ìyẹn ni wọn kì í sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí mo jogún yàrá,
oníṣẹ́ iná wá, ó wo ìhín, ó wo ọ̀hún,
ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ihò yìí dára fún sọ́kẹ́ẹ̀tì."
Mo ní kó fi síbẹ̀.
Ibẹ̀ ni fóònù mi ń sùn láti ọdún mẹ́fà,
ó ń mu iná bí ọmọ ṣe ń mu ọmú,
ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ nínú òkùnkùn.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo ń tún ṣe.
Epo ti sọ ọwọ́ mi di dúdú, ṣùgbọ́n mo mọ Bíbélì.
Bí ẹ bá bi mí léèrè òrìṣà, ìta ni mo máa ń nawọ́ sí:
ọkùnrin tó ta ilẹ̀ kan náà fún ènìyàn mẹ́ta;
àǹtí tó lẹ àwòrán wòlíì rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, mọ́ fìríìjì, mọ́ orí ìbùsùn,
títí Jésù kò fi rí ibi dúró sí.
Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.
Ojú kì í rí ipin ara rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, òjò ń rọ̀ sórí páànù,
aago márùn-ún kò tíì lù.
Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì,
mo fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú ihò,
mo tẹrí ba, mo na ọwọ́ méjèèjì wọlé
bí mo ti máa ń ṣe.
Ìrètíọlá jí. Ọmọ ọdún márùn-ún.
Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti ń gbàdúrà?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.
Owó oníbàárà mi ará Ẹ̀jìnrìn ni mo ń wò bóyá ó ti wọlé.
Kò tíì wọlé.
Mo sì ti ń bínú sí Ọlọ́run
tí n kò tíì kí.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo fọwọ́ pa ilẹ̀ yàrá.
Ojú ibi méjì ti jìn wọlé níbẹ̀,
kò jìn ju àwo ọbẹ̀ lọ,
ìwọ̀n orúnkún gan-an.
Ẹfúnyẹmí ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ wọn.
Èmi ni mò ń bá a gbẹ́ ẹ lọ.

N kò ju fóònù sọ́sà. Ta ni yóò ra òmíràn?
Irin iṣẹ́ ni, bíi sípánà. Sípánà kì í ṣe òrìṣà,
àfi bí mo bá ń jí bi í léèrè
bóyá mo já mọ́ nǹkan lónìí.
Oníṣẹ́ iná padà wá, ó gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sí ilé ìdáná,
sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò àti àlùbọ́sà.
Mo po sìmẹ́ńtì láti dí ihò.
Ìyàwó mi ní, "Má dí i. Bí o bá dí i, a ó gbàgbé."

Ẹ má rò pé mo ti borí.
Lánàá, mo tún bá ara mi lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀,
ọwọ́ mi nínú ihò, ó ń wá nǹkan kiri.
Eruku ló bá.
Ìgbà náà ni mo mọ ohun tó pa Rákélì lẹ́kún.
N kò dìde. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó wá:
"Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run..."
Ìrètíọlá ti abẹ́ aṣọ ìbora ṣe "Àmín"
kí n tó dé àárín.